Igi Tí Kì Í Rà

Olú ló kọ́kọ́ sọ fún wa. Èmi ni mo rí i, nítorí ọmọdé ni mí, ojú mi kò jìnnà sílẹ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, mo mú ìgbálẹ̀ láti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì rí i ní ìdí òpó tó wà níwájú yàrá Yèyé Òkè: olú funfun, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n hù gun ara wọn bí àwo tí wọ́n tò. Inú mi dùn. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìdànrè láyé ìgbà náà mọ ohun tí olú jẹ́ nínú ọbẹ̀ nígbà tí ẹran kò bá sí. Mo ti já mélòó kan sínú aṣọ mi kí Yèyé Òkè, ìyá tó bí bàbá mi, tó yọ jáde láti yàrá rẹ̀. Ó wo aṣọ mi, ó wo òpó. Ó ní, “Mọrẹ́nikẹ́, dà á nù. Olú tó hù lára òpó, ilé wa ló ń jẹ lọ́wọ́. Ṣé ìwọ náà fẹ́ bá a jẹ ẹ́ ni?” Ó wá na ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀, ó kan òpó náà lókè, ó ró kó. Ó kàn án ní àárín, ó ró kó. Nígbà tó kàn án nídìí, kò ró rárá. Ẹnu ọ̀pá náà kàn wọlé ni, bí ẹni pé inú iyán ló gún un sí. Ó fà á yọ, ó nu ẹnu rẹ̀ nílẹ̀, ó ní, “Ugi yìí ti rà.”

Bó ṣe ń pè é nìyẹn. Èdè Ìdànrè ni Yèyé Òkè máa ń sọ, kò sì fẹ́ sọ òmíràn; igi lẹ́nu rẹ̀, ugi ni, ilé, ulé ni. Àwa ọmọ tí a ń lọ sílé ìwé a máa sọ Yorùbá inú ìwé sí i láti fi dá a lára yá, òun náà a sì ní òun kò mọ̀ pé àlejò ti wọlé. Òkè tí a fi kún orúkọ rẹ̀ yẹn, òun ló fà á, nítorí orí òkè ló gbà pé òun ń gbé. Nígbà tí àwọn ará ìlú ń sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta wá tẹ Odòde dó, òun àti ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ̀. Lẹ́yìn tí bàbá àgbà kú ni bàbá mi gun òkè lọ bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó wá gbà, ṣùgbọ́n ó ní kó yé gbogbo wọn pé ńṣe ni òun ń bọ̀ wá kí wọn. Ìkíni ọ̀hún ló ń kí wa láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé, “Yèyé, ṣé ẹ ti kó wá sísàlẹ̀ nìyẹn?” èsì rẹ̀ kì í yí padà: “Mo wá kí Akínbọ̀dé àti ìyàwó rẹ̀ ni. N óò padà.” Ìdì ẹrù rẹ̀ wà ní igun yàrá tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń sùn, ìdì ńlá kan tí wọ́n fi ẹní wé, tí wọ́n fi okùn dì. Kò tú u rí. Aṣọ tó ń wọ̀ lójoojúmọ́, inú apẹ̀rẹ̀ mìíràn ló wà. Màámi a máa gbálẹ̀ yí ìdì náà ká, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ohùn ilé wa nígbà náà kò kúrò létí mi títí di òní. Ní òwúrọ̀, ọ̀pá Yèyé Òkè ni yóò kọ́kọ́ ró, kó, kó, kó, bó ti ń kan òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kí wọn kú àárọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀ kòkó tí Bùrọ̀dá Àkànní ń fi ẹsẹ̀ yí lórí ẹní níwájú ilé. Ará ìhà Ọ̀fà ni Àkànní, iṣẹ́ oko kòkó bàbá mi lọ́nà Atosin ló bá wá, ó sì ń gbé ọ̀dọ̀ wa bí ọmọ ilé. Yèyé Òkè kì í gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ, òun náà kì í gbọ́ ìdajì ti Yèyé, síbẹ̀ kò sí àwọn méjì tó ń tàkúrọ̀sọ tó wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ odó ló kù. Bí a bá ń gún iyán ní Odòde, àpáta a máa gbà á lẹ́nu wa. Odó á dún nísàlẹ̀, òkè á dá a lóhùn. Yèyé Òkè á gbé etí sókè, á ní, “Ẹ gbọ́, wọ́n ń gún iyán nílé mi.” A ó rẹ́rìn-ín. Ní báyìí tí mo ti dàgbà ju bó ti dàgbà nígbà náà lọ, mo mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà pátápátá.

Inú iṣẹ́ ilé ló ti fi igi hàn mí. Bí a bá lọ ṣẹ́gi ìdáná, yóò ní kí n gbóòórùn igi kí n tó dì í, kí n sì fi ahọ́n kan ìyẹ̀fun rẹ̀. “Èyí tó bá dùn lẹ́nu rẹ, yóò dùn lẹ́nu olú. Èyí tó bá korò ni yóò pẹ́ láyé.” Ó fi arère hàn mí: ó funfun, ó fúyẹ́, kò ní òórùn kankan, bó bá sì sùn sórí ilẹ̀ tútù fún ìgbà òjò kan, ọwọ́ lásán lèèyàn yóò fi ya á. Àràbà tún burú jù ú; ó ní títóbi tó tóbi ni kò jẹ́ káyé mọ̀ pé ọ̀lẹ ni. Ìrókò dára, ṣùgbọ́n funfun tó wà lábẹ́ èèpo rẹ̀ kò sàn ju arère lọ, àárín rẹ̀ nìkan ni ìrókò. “Èèyàn náà bẹ́ẹ̀ ni,” ni yóò wí, “má fi ohun tó wà lóde mú ọkọ.” Ọmọ kékeré ni mí, kí ló kàn mí kan ọkọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́, nígbà tó sì tó àsìkò, mo lò ó. Bó bá wá kan igi apá, ohùn rẹ̀ a rọlẹ̀. Àárín apá pupa, ó wúwo, ìyẹ̀fun rẹ̀ a máa ta èèyàn ní imú; ikán kì í bá a ṣeré, olú kì í sì í rí ibi hù sí lára rẹ̀. Odó wa, igi apá ni. Ó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá mi, ó ń jókòó sójú òjò, ó ń jókòó sójú oòrùn, inú rẹ̀ sì ń dán. Yèyé Òkè á na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì yí i ká, ọwọ́ náà kò ní í pàdé, á ní, “Ṣé o rí i? Apá kì í ká apá.” Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo tún na ọwọ́ mi méjèèjì, mo ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan.

Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kì í ṣe igi apá. Arère ni gbogbo wọn. Ọdún kan tí kòkó ṣe dáadáa ni bàbá mi fi páànù kọ́ ilé náà, ó sì ra òpó lọ́wọ́ àwọn tó ń la pákó, nítorí ó gún régé, ó rọrùn láti fá, ọ̀dà sì mú un. Ó fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn ún, ilé náà wu gbogbo àdúgbò. Màámi ló sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òpó náà dé, Yèyé Òkè fi èékánná họ ọ̀kan, ó tọ́ ọ wò. Ìgbà tí bàbá mi béèrè bó ti rí i ló tó wí pé, “O ra ugi, Akínbọ̀dé, o kú ìnáwó. Ohun tí a rà ni í rà.” Bàbá mi rò pé ó kàn ń fi ọ̀rọ̀ dárà ni, ó sì rẹ́rìn-ín lọ. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò bá ṣẹ ní òwúrọ̀, á ṣẹ ní alẹ́. Olú tí mo kó sínú aṣọ yẹn, alẹ́ ọ̀rọ̀ náà ló dé.

Bàbá mi kò sí nílé nígbà náà. Àsìkò ìkórè kòkó ni, abà ló ń sùn. Màámi sì lóyún, oyún náà ti wọ oṣù rẹ̀. Bó bá bí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kan náà ni gbogbo ẹbí yóò jókòó sí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wọn yóò sì fẹ̀yìn ti òpó. Yèyé Òkè rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó rán mi sí Bàbá Dúró. Bàbá Dúró ni gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò wa, ọmọ ìjọ Aládùúrà, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í wọ bàtà, tó máa ń kọrin ìjọ sí pákó bó ti ń fá a. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún bàbá mi pé kó jẹ́ kí òun bá a wá òpó gidi, bàbá mi sì máa ń dá a lóhùn pé òun yóò rà, òun yóò rà. Yèyé Òkè ní, “Sọ fún un pé òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti rà. Kó yáa máa bọ̀.” Mo sáré débẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Yèyé Òkè ní kí n sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó ti rà.”

Bàbá Dúró dá orin dúró. “Ó ti rà?”

“Ó ti rà, sà.”

Ó fẹ́ ìyẹ̀fun pákó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. “Kò burú. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó dúró pẹ́.”

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Yèyé ní igi ti rà, Bàbá Dúró gbọ́ pé bàbá mi ti lọ ra òpó lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Láàárín “ó ti rà” àti “ó ti rà á”, èémí kan péré ló wà níbẹ̀, eré tí mo sá sì ti gba gbogbo èémí tí mo ní, ó gba “kó yáa máa bọ̀” náà lórí mi. Mo padà délé, Yèyé bi mí ohun tó wí. Mo ní, “Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó dúró pẹ́.” Yèyé Òkè wò mí, ó wo òpó. “Èyí tó ti rà ni yóò dúró pẹ́?” Ó rò ó títí, ó wá ní, “Aládùúrà kúkú ni. Bóyá wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ gbàdúrà sí i.” Bẹ́ẹ̀ la jókòó tí à ń retí Bàbá Dúró àti àdúrà rẹ̀. Òun náà jókòó sílé tiẹ̀, inú ń bí i sí wa. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó má baà fojú kan òpó tí ẹlòmíràn gbé fún wa.

Olú kò bá wa jókòó ní tiẹ̀. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, Yèyé Òkè á kan òpó náà, ibi tí kì í ró mọ́ á sì ti gòkè díẹ̀. “Ó ti dé kókósẹ̀ rẹ̀,” ni yóò wí. Lẹ́yìn náà, “Ó ti dé orókún.” Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n wò ó: èyí tó rì wọlẹ̀ gan-an ṣì le díẹ̀, èyí tó wà lókè gbẹ, ibi tí ilẹ̀ tútù àti afẹ́fẹ́ ti jọ ń pàdé ni olú ti ń rí jẹ. Ó ní lórí òkè, àpáta kì í mu omi, ẹsẹ̀ òpó kì í tutù. Ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò dé pẹ̀lú ìjì. Màámi jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Páànù dún kẹ̀ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwa yòókù rò pé atẹ́gùn ni. Yèyé Òkè nìkan ló mọ ohùn náà. Ó ju ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó fa Màámi lọ́wọ́ wọlé, tipátipá. Òpó náà kò wó. Ńṣe ló kúnlẹ̀, jẹ́jẹ́, òrùlé iwájú ilé sì tẹ̀ lé e, páànù wá balẹ̀ sórí àga tí Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Bùrọ̀dá Àkànní sáré gbé igi tó ní ẹ̀ka méjì lórí wá, ó fi ti ìyókù kó má baà wá sílẹ̀. Màámi jókòó sínú ilé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ikùn rẹ̀ mú. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà ju bí mo ti lè sọ lọ, n kò sì fẹ́ fi ojú kan olú mọ́ fún ìgbà pípẹ́, àní nínú ọbẹ̀.

Bí bàbá mi ti gbọ́, ó kúrò lábà, ó gba ilé Bàbá Dúró lọ tààrà, ariwo wọn ló sì ṣáájú wọn dé ọ̀dọ̀ wa.

“Ẹ ní ẹ ti rà á, Bàbá Mọrẹ́nikẹ́. Ọmọ yín ló wá jẹ́ iṣẹ́ náà fún mi.”

“Kí ni mo rà?”

“Òpó.”

“N kò ra òpó kankan. Òpó ló rà.”

Yèyé Òkè ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sẹ́nu odó, Màámi náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ òjò yẹn, Bùrọ̀dá Àkànní ní kí wọ́n ṣe é ní ti Ọ̀fà kó lè yé òun, ìyẹn náà tún dá ẹ̀rín mìíràn sílẹ̀. “Mo ti wí fún ọ tipẹ́, Akínbọ̀dé,” ni Yèyé ń sọ bó ti ń nu ojú. “O rà, ó rà.” Ṣùgbọ́n Bàbá Dúró ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka tẹ ìdí àwọn òpó yòókù, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. Gbogbo wọn ló ti rà lábẹ́ ọ̀dà. Bàbá mi ní kó lọ wá igi apá. Bàbá Dúró ní apá tí wọ́n bá gé nínú òjò yìí, omi ló máa kún inú rẹ̀, ó di ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá lọ tán kó tó ṣeé fi gbé òrùlé. Bàbá mi wo ikùn Màámi. Ó ní ó dáa, kí wọ́n lọ gbé arère gbígbẹ wá, ká fi mú ìgbà díẹ̀ ná.

Yèyé Òkè ló fọhùn, kò gbójú sókè. “Apá gbígbẹ wà lókè.”

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń wí. Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ lórí àpáta ni, èyí tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn láti ìgbà tó ti sọ̀kalẹ̀. Koríko òrùlé ibẹ̀ ti lọ, òpó ló kù tó ń jẹ́ ilé. Bí a bá kó o, ilé tó fẹ́ padà sí kò sí mọ́. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, n kò tíì rí i kó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láàárín ọ̀sán bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Yèyé, mi ò lè tú ilé yín.” Yèyé Òkè ní, “Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n tú u? Dìde. Ìyàwó rẹ ò lè bímọ sábẹ́ igi tó ń kúnlẹ̀.”

Ó ní òun yóò bá wọn lọ, ó sì ní kí n tẹ̀ lé òun. Bàbá mi fẹ́ kí Àkànní pọ̀n ọ́n, ó ní ṣé òun ti kú ni. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Bó ti gun òkè náà nìyẹn, ọ̀pá níwájú, ọwọ́ kejì lórí èjìká mi, ó ń dúró, ó ń sọ orúkọ àwọn tó ni ilé tí à ń kọjá, bí ẹni pé wọ́n ṣì wà nínú ilé. Òkúta tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ìkùukùu wà nísàlẹ̀ wa, páànù Odòde ń dán láàárín rẹ̀. Nígbà tí a dé ilé rẹ̀, ògiri ti yọ́ dé ìdajì, ewéko ti gba yàrá. Àwọn òpó nìkan ló dúró. Wọ́n ti di eérú lójú, òjò ti fọ̀ wọ́n láìsí òrùlé lórí wọn, oòrùn ti là wọ́n lára díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dúró ṣánṣán. Yèyé Òkè lọ bá wọn, ó fi ọ̀pá kan ọ̀kan lókè, ó kàn án ní àárín, ó kàn án nídìí. Kó, kó, kó. Ohùn kan náà ni látòkè délẹ̀. Mo ti gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti gbọ́ ìlù lóríṣiríṣi láyé mi, n kò tíì gbọ́ ohun tó dùn mọ́ mi tó ohùn igi yẹn.

Bàbá Dúró fi àáké họ ara ọ̀kan. Eérú náà kò nípọn ju awọ lọ, pupa ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó gbẹ, ó ń dán. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ta á ní imú, ó sín, ó tún sín, ó bọ́ fìlà rẹ̀ kúrò lórí. Yèyé Òkè ní, “Èyí tó bá mú gbẹ́nàgbẹ́nà sín, olú kì í jẹ ẹ́.” Ó wá sọ fún wa bí bàbá àgbà ti ṣe é. Kó tó gbé Yèyé níyàwó ló ti gé igi náà, inú ẹ̀ẹ̀rùn ló gé e, ó tẹ́ ẹ sórí àpáta kó gbẹ, ó sì gbẹ́ gbogbo funfun ara rẹ̀ dànù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìdajì igi ló ń sọ nù. Ó dá wọn lóhùn pé ìyàwó òun kò ní í wá gbé ilé tó ń mì. Ó sun ẹsẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan nínú iná títí ó fi dúdú, ó sì gbé e ka orí òkúta, kò rì í mọ́lẹ̀. Bí Yèyé ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ wà lára òpó. Bàbá mi ní kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ níbẹ̀, kó ṣáà jẹ́ àmì ilé. Yèyé Òkè mi orí. “Òpó kan kì í gbé ilé ró. Ẹ kó gbogbo rẹ̀.” Ó wá kọjú sí àwọn òpó náà, ó fi èdè Ìdànrè bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní kó má bínú, ó ní ọmọ rẹ̀ ló nílò wọn. Ó sunkún. Bàbá mi náà sunkún. Èmi kò mọ ohun tí mo ń sunkún sí, ṣùgbọ́n mo sun ún pẹ̀lú wọn.

Àwọn òṣìṣẹ́ oko ló bá wa gbé e sọ̀kalẹ̀. Igi apá wúwo. Mo rí àwọn ọkùnrin tó ń ru àpò kòkó láìmí kanlẹ̀ tí wọ́n ń sọ òpó kan kalẹ̀ léraléra láti sinmi. Bàbá Dúró kò kun ún ní ọ̀dà. Ó ní ẹni tó bá kun irú igi yẹn, ó bú u ni. Ó ṣe é gẹ́gẹ́ bí Yèyé ti sọ: ó tún ẹsẹ̀ wọn sun, ó wá òkúta pẹlẹbẹ, ó gbé wọn kà á, ó gbé òrùlé lé wọn lórí. Nígbà tó parí, ó dúró lọ́nà, ó ń wo iṣẹ́ náà, kò kọrin. Bàbá mi ní, “Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.” Lóòótọ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Yèyé Òkè jáde, ó kan gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àpáta sì dá a lóhùn. Mo retí kó sọ pé wọ́n ń kan òpó nílé òun. Kò sọ ọ́.

Màámi bí ọmọkùnrin kan wẹ́rẹ́ kó tó pẹ́ rárá. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹbí kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn fẹ̀yìn ti òpó bí a ti mọ̀ pé wọn yóò ṣe, kò sí èyí tó mì. Wọ́n ń wá aṣọ tí wọ́n máa fi gba ọmọ, ni Yèyé Òkè bá pè mí wọ yàrá. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú ìdì ẹrù rẹ̀, ó ní kí n bá òun tú okùn náà nítorí ó ti le. Mo tú u. Aṣọ bàbá àgbà kan wà nínú rẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ kékeré kan, ìgbakọ, iyọ̀ tó ti di òkúta nínú ewé, ìṣáná: ohun tí èèyàn nílò láti dáná lọ́jọ́ tó bá padà délé. Ó mú aṣọ náà, ó fi gba ọmọ. Ó ní kí n lọ gbé ìkòkò sí ìdí ààrò Màámi. Nígbà tí wọ́n bi í pé orúkọ wo ni ìyá bàbá ọmọ mú wá, gbogbo wa retí orúkọ tó máa ní òkè nínú. Ó wo òpó, ó wo wa, ó ní, “Ilésanmí.” Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bóyá ó ti kó wá sísàlẹ̀, a máa ní, “Níbo lo rò pé mo ń gbé?”

Yèyé Òkè ti sùn tipẹ́. Bàbá àti Màámi náà ti lọ. Ilésanmí ti wó ògiri amọ̀, ó ti fi búlọ́ọ̀kù tún ilé náà kọ́, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ yí àwọn òpó náà ká ni, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi í léèrè ìdí rẹ̀. Èmi ni mò ń gbé yàrá iwájú báyìí, èmi náà sì ti ní ọ̀pá ìtilẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá, ó ní òun ń wá igi àtijọ́ fún àwọn tó ń fi í ṣe àga ní Èkó. Ó yí òpó po, ó fọwọ́ pa á lára, ó kí mi dáadáa, ó ní, “Mama, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rà á.” Mo na ọ̀pá mi, mo kan òpó lókè, mo kàn án ní àárín, mo kàn án nídìí. A jọ gbọ́ ọ.

“Ọmọ mi,” ni mo wí, “èyí kì í rà.”

Ó rò pé etí mi ti di. Ó sún mọ́ mi, ó gbé ohùn sókè: “Èmi ni, Mama. Èmi ni mo ní mo fẹ́ rà á.”

“Mo gbọ́,” ni mo dá a lóhùn. “Òun ni kì í rà.”